Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu akéwì Róòmù kan nípa owó yíyá

Ọ̀rẹ́ mi kan yá ₦80,000 lọ́wọ́ mi, ó ní òun á dá a padà lópin oṣù. Oṣù parí, ó ní lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Nígbà tó yá, bí mo bá pè é, fóònù rẹ̀ á dún títí á fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kan mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán ní ọjà Bódìjà, ló bá ṣẹ́rí wọ àárín àwọn aláta, ó ń yẹ tàtàṣé wò. Ọkùnrin tí kì í dáná! Èmi tí mo yá a lówó lojú gbà tì.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Martial, akéwì tí mo kà nígbà tí mo ń kọ́ èdè Látìn. Ọmọ Bilbilis ní ilẹ̀ Sípéènì ni, ó dé Róòmù ní nǹkan bí ọdún 64 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó sì lo bí ọdún 34 níbẹ̀. Kò lówó. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àtẹ̀gùn mẹ́ta gíga lèèyàn máa gùn kó tó bá òun nílé, ọ̀dọ̀ àwọn olówó ló sì ti ń wá oúnjẹ alẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ tinú-tẹ̀yìn gbèsè. Púpọ̀ nínú ewì rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ, ìparí rẹ̀ ló sì máa ń ta èèyàn bí agbọ́n.

Ó ní: ẹni tó fún Linus, ọkùnrin kan tó wá yáwó, ní ìdajì owó náà lọ́fẹ̀ẹ́ kàkà kó yá a ní gbogbo ẹ̀, ìdajì péré ló fẹ́ pàdánù.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá ti gbé ₦40,000 fún ọ̀rẹ́ mi, à bá ṣì jọ máa jẹun.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyẹn. Tẹ́nì kan bá wá yáwó, mo máa bi ara mi pé èló ni mo lè gbàgbé. Iye yẹn ni màá fún un, màá ní kó má dá a padà. Àwọn kan ti pè mí ní ahun. Kò burú. (Owó ilé ìwòsàn yàtọ̀ o, ìyẹn ò gba ìṣirò.)

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àfi bí mo ṣe ka ibi tí Martial ti ní ìwà lòun ń bá wí, òun ń dá èèyàn sí. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ẹnikẹ́ni lè jẹ́ Linus. Ó tún wá bi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Postumus nínú ewì mìíràn, tó ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la lórí ayé jíjẹ, pé: ọ̀la tìrẹ yìí, ìgbà wo ló ń bọ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n yá mi ní ₦15,000 tí mo fi ra taya. Mo ti sọ "lọ́la" fún wọn títí wọn ò fi béèrè mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi owó náà sínú àkáǹtì wọn. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n pè.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ara ẹ yá ṣá?"

Mo ní gbèsè ni mo san.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ti taya yẹn?"