Dígí tí a tò ní Ìlọrin kì í dé Òmù-Àrán bẹ́ẹ̀

Fóòmù nípọn ni a ń tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kí a tó gbé awò ìràwọ̀ kúrò ní Ìlọrin lọ sí Òmù-Àrán. Ìdí páìpù rẹ̀ ni dígí ńlá wà, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200. Dígí kékeré dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ nítòsí ẹnu páìpù, òun ló ń darí ìmọ́lẹ̀ sójú ẹni tó ń wò. Bóòtù mẹ́ta onísípíríǹgì ló gbé dígí ńlá ró. Láti Gànmọ́ dé Àjàṣẹ́-Ipo, gbogbo kòtò tí táyà bá kó sí ni sípíríǹgì wọ̀nyí ń mọ̀ lára. Kí ọkọ̀ tó kọjá Òró, dígí ti yẹ̀. Ẹni tó bá lo wákàtí kan nílé láti to dígí, kí méjèèjì lè kọjú síra dáadáa, ti fi wákàtí náà ṣòfò.

Bí ẹ bá dé Òmù-Àrán, ẹ má tíì fọwọ́ kan bóòtù. Dígí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù bí afẹ́fẹ́ ìta, bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Bí ó bá ṣì gbóná, ìràwọ̀ á máa gbọ̀n bí ohun tó wà lábẹ́ omi, ẹ ó sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Dígí kékeré ló ṣáájú. Ẹ dá páìpù dùbúlẹ̀ ná, kí kọ́kọ́rọ́ álẹ̀n, irin tí a fi ń yí bóòtù, má baà já lu dígí ńlá. Ẹ máa wò láti ibi tí a ń fojú sí, kí ẹ yí bóòtù dígí kékeré títí ẹ ó fi rí dígí ńlá lódindi nínú rẹ̀. Ẹ wá bọ́ sídìí dígí ńlá: bóòtù kan lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí, títí àmì àárín dígí ńlá yóò fi bọ́ sáàárín ohun tí ẹ ń rí. Ẹ rọra dè é; ìdè àdèjù tún máa ń ti dígí kúrò níbi tí ẹ tò ó sí.

Ìràwọ̀ ló kù tí yóò jẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ ìwé Yúróòpù ní kí a lo Polaris, ìràwọ̀ àríwá, torí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ní Òmù-Àrán, bíi dígírì 8 péré ló fi ga ju ilẹ̀ lọ, eruku ọyẹ́ sì máa ń gbé e mì. Ní oṣù Kejìlá, ìràwọ̀ Betelgeuse ń kọjá lókè orí wa gan-an. Ẹ mú un kí ó tó dé òkè pátápátá, torí awò tó jókòó lórí àpótí pákó bíi tiwa kì í yí dáadáa níbẹ̀. Ẹ yí ojú awò díẹ̀ kí ìràwọ̀ má mọ́ kedere mọ́, kí ó fẹ̀ di òrùka. Bí òrùka rẹ̀ bá fì sápá kan, ẹ sún awò títí òrùka yóò fi dọ́gba, kí ẹ wá fi bóòtù dígí ńlá dá ìràwọ̀ padà sáàárín.

Bí òru bá ṣe ń tutù sí i, ẹ tún un yẹ̀ wò. Òtútù máa ń sún dígí àti páìpù: mítà kan álúmíníọ̀mù ń fi bíi máíkírómítà 23 (ìdá 23 nínú mílíọ̀nù mítà) kúrú fún dígírì kọ̀ọ̀kan. BLAST, awò tí bàlúùnù gbé fò ní Antarctica ní oṣù Kejìlá 2006, ní dígí álúmíníọ̀mù mítà 1.8. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó bóòtù rẹ̀ lófuurufú, nítorí náà mọ́tò mẹ́ta ni wọ́n fi sẹ́yìn dígí kékeré rẹ̀ láti máa sún un. Ọgbọ́n yìí wú wa lórí púpọ̀: bóòtù mẹ́ta tiwa náà ni, ọwọ́ ló yàtọ̀.

Eruku tó bá bà lé dígí, ẹ má fi aṣọ nù ún. Iyanrìn inú rẹ̀ á ha á. Ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, kí ẹ dé e kí ọkọ̀ tó padà.