Ohun tí iṣẹ́ kọ́tìnì kọ́ mi nípa àwọ̀ jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀ kékeré

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ́tìnì rírán ní Ìlọrin, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: bí a ṣe ń yan aṣọ aláwọ̀ jẹ́jẹ́ fún pálọ̀ tí kò fẹ̀. Ó jọ èyí tó rọrùn jù lọ nínú iṣẹ́ wa, nítorí pé oníbàárà á kàn ní áàṣì tàbí kíríìmù ni òun fẹ́, a ó sì ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe jù láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti mọ̀ pé kò sí àwọ̀, bó ti wù kó jẹ́ jẹ́jẹ́ tó, tí kò ní ìhà tó fì sí.

Ọdún tí mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù ni èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Tanke gbé iṣẹ́ fún mi. Pálọ̀ wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ, fèrèsé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kíríìmù sì ni ọ̀dà ara ògiri. Ìyàwó ní áàṣì ni òun fẹ́. Mo lọ sọ́jà, mo yan áàṣì kan tó dára lójú mi lábẹ́ iná funfun gbòò tí wọ́n tàn sí ṣọ́ọ̀bù, mo rán an, mo sì lọ fi kọ́ fúnra mi. Bí a ṣe fà á pa dé báyìí, aṣọ náà dà bí èyí tí wọ́n rì bọ omi aró lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n tètè yọ, ògiri kíríìmù náà sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó kò bínú. Ohun tó bi mí ni pé, "Àǹtí, àbí ògiri wa ló dọ̀tí ni?" Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára ju èébú lọ, torí kò sí ohun tó ṣe ògiri náà, aṣọ tí mo gbé tì í ló mú kó dà bí èyí tó dọ̀tí.

Oríṣi áàṣì méjì ló wà: ọ̀kan fì sí ọ̀dọ̀ aró, èkejì fì sí ọ̀dọ̀ ilẹ̀, bí eérú igi ìdáná. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíríìmù: òmíràn ní pupa ẹyin nínú, òmíràn sì funfun bí omi ògì. Bí ẹ bá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú yín kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ẹ fi wọ́n wé. Ẹ gbé aṣọ náà sórí ìwé funfun tí kò ní ìlà, ìhà tó fì sí yóò sì yọjú kíá. Títí di òní, bí mo bá dé ilé oníbàárà, ìwé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ nínú báàgì kí n tó yọ téèpù.

Ìwé nìkan kò tó o, nítorí iná. Gílóòbù tí wọ́n kọ 6500K sí lára funfun débi pé ó ń ya búlúù, èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí sì pọ́n bí iná àtùpà. Aṣọ kan náà yóò di aṣọ méjì lábẹ́ wọn. Nítorí náà, ẹ ra ààbọ̀ yáàdì, ẹ fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé oníbàárà, kí ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jókòó ní pálọ̀ wọn, ojú alẹ́ ni kí ẹ sì fi dá aṣọ lẹ́jọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Àlàájà kan tí wọ́n bí sí agboolé ahunṣọ òfì, kì í fẹ́ràn kí a pe àwọn àwọ̀ wọ̀nyí ní nǹkan tuntun. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ ò tíì rí sányán rí ni?" Ara ilé tí àwọn kòkòrò kan ń ta nínú igbó ni wọ́n ti ń rí òwú sányán gidi, a kì í sì rẹ ẹ́ láró, àwọ̀ tó bá a wáyé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò sí fọ́nrán méjì tó jọra délẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í sú wíwò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí dì mú nínú ọ̀rọ̀ Àlàájà ni pé bí àwọ̀ bá jẹ́ jẹ́jẹ́, híhun aṣọ gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí ojú lè mú. Kíríìmù tó ń dán pẹẹrẹ tí kò ní ìlà, tí kò ní kókó òwú kankan, ilé ìwòsàn ló máa ń rán mi létí, mi ò sì í rán an fún pálọ̀ mọ́ àfi tí oníbàárà bá ta kú.

Ti ọyẹ́ tún ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ bí eruku ṣe ń rí ní Ìlọrin láti ìparí ọdún dé oṣù Kejì. Funfun báláú kò lè fara pa mọ́ fún un, èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí àwọn oníbàárà kì í gbà gbọ́ ni pé kọ́tìnì aláwọ̀ kọfí tó dúdú náà ń fi eruku hàn, torí eruku ọyẹ́ mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Àwọ̀ iyanrìn tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń gba eruku mọ́ra. Ẹ tún rántí pé ní ìlú wa, oòrùn máa ń gba ìhà gúúsù kọjá ní oṣù Kejìlá, á sì gba ìhà àríwá ní oṣù Kẹfà, nítorí náà, fèrèsé tí ẹ wọ̀n lásìkò òjò lè jẹ́ èyí tí oòrùn yóò máa jó lásìkò ọyẹ́. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbá ẹ̀yìn kọ́tìnì, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà tètè ṣí.

Nínú pálọ̀ kékeré, mo máa ń yan àwọ̀ tó sún mọ́ ti ògiri, kí ojú má baà kọsẹ̀ níbi tí ògiri pin sí. Mo sì máa ń gbé ọ̀pá sókè súnmọ́ àjà. Aṣọ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Fèrèsé Tanke yẹn fẹ̀ ní ínǹṣì 48. Mo fi ínǹṣì 8 kún ọ̀pá lọ́tùn-ún àti lósì, ó di 64. Ìlọ́po méjì rẹ̀, kí aṣọ lè ṣẹ́ po dáadáa, jẹ́ 128, aṣọ tó fẹ̀ ní ínǹṣì 54 kò sì lè kájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pé ìbú mẹ́ta. Láti ọ̀pá dé ilẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 96, mo fi 12 kún un fún ìṣẹ́tí òkè àti ìsàlẹ̀, ó di 108, ìyẹn yáàdì 3 fún ìbú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ìbú mẹ́ta wá di yáàdì 9. Oníbàárà yóò rò pé ẹ ń rẹ́ òun jẹ. Ẹ ṣe ìṣirò náà lójú rẹ̀, kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lára ìdì kan ṣoṣo, nítorí pé áàṣì tí ẹ bá padà lọ rà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lè máà jẹ́ ọmọ ìyá ti àkọ́kọ́.

Yáàdì 9 ti Tanke náà kò ṣòfò pátápátá. Mo rán òmíràn fún wọn lówó ara mi, aláwọ̀ iyanrìn, mo sì gbé áàṣì wálé. Ó wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi ní Gáà Akánbí báyìí, níbi tí ògiri ti funfun, ó sì dára níbẹ̀ gan-an ni.