Ohun tí ẹ̀rọ òòlù máa dúró lé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ irin ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ òòlù, ìyẹn ẹ̀rọ tí mọ́tò iná ń gbé òòlù rẹ̀ sókè sódò láti fi lu irin gbígbóná, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bi mí ni pé, "Ọ̀gá, mọ́tò họ́ọ́sì mélòó ni kí n rà?" Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan bí òòlù náà ṣe máa wúwo tó. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bi mí pé kí ni ẹ̀rọ náà máa dúró lé. Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ òòlù tí wọ́n ń pè mí sí, ní Àkúrẹ́ níbí àti lápá Oǹdó, kò sí ohun tó ṣe mọ́tò wọn. Ìdúró wọn ni kò dáa. Òmíràn ń rìn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Òmíràn ti la ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn sì wà tó ń lu irin tagbáratagbára, irin ò fẹ̀, apá ẹni tó di ẹ̀mú mú ló ń ro ó tó bá di alẹ́.

Irin ti wọ́n gan-an báyìí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ iṣẹ́ tó fi gbogbo owó tó kó jọ ra mọ́tò tuntun, tó wá gbé e ka orí ẹsẹ̀ áńgù mẹ́rin bíi ti tábìlì. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí agbára òòlù ń gbà lọ. Bí òòlù bá já wálẹ̀, inú irin gbígbóná tó wà láàárín ló yẹ kí agbára rẹ̀ tán sí. Àmọ́ bí irin ìsàlẹ̀ tí iṣẹ́ ń jókòó lé, èyí tí a ń pè ní owú ní ṣọ́ọ̀bù wa, bá fúyẹ́, ṣe ló máa sá fún òòlù. Owú á rì díẹ̀, férémù á gbà nínú agbára náà, ilẹ̀ á gbà nínú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù ni irin máa rí. Ẹni tó bá ti gún iyán lórí ilẹ̀ rírọ̀ rí mọ̀ ohun tí mò ń sọ: odó á máa rì, iṣu ò ní tètè kúnná, apá á sì ti kú kí iyán tó jinná.

Nítorí náà, ìwúwo owú la fi ń wé ìwúwo òòlù. Ìlọ́po 10 ló kéré jù tí mo lè fọwọ́ sí. Ìlọ́po 15 dáa. Bó bá wọ ìlọ́po 20, ẹ máa rí i pé òòlù kékeré ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ rò pé ti ńlá nìkan ni. Bí ẹni méjì bá ní òòlù kan náà àti mọ́tò kan náà, ẹni tí owú rẹ̀ wúwo ló máa kọ́kọ́ na irin àdá tán.

Ẹ gbé ìṣirò rẹ̀ wò kí ẹ tó jáde lọ ra irin. Ká ní òòlù yín jẹ́ kílò 20. Ní ìlọ́po 15, owú gbọ́dọ̀ tó kílò 300. Irin tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan máa ń wọn nǹkan bíi kílò 7,850. Ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin roboto, tí inú rẹ̀ dì, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 150, tó sì ga ní mítà kan, máa wọn bíi kílò 139. Kò tó. Ṣáàfù mílímítà 200 ní gíga kan náà máa wọn bíi kílò 247. Bí ẹ bá wá fi iná wẹ́dà jó o mọ́ orí pùléètì (irin pẹlẹbẹ) tó nípọn ní mílímítà 25, tó jẹ́ mílímítà 600 ní gígùn àti ní ìbú, pùléètì yẹn nìkan ń lọ sí kílò 70. Àpapọ̀ wọn ti kọjá 300. Ẹ rí i pé kí ojú ṣáàfù kúrò ní 150 bọ́ sí 200, kò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìwúwo di ìlọ́po méjì.

Níbo lèèyàn ti máa rí ṣáàfù bẹ́ẹ̀? Ní agbègbè wa, àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta gíráńáìtì ló dáa jù láti wádìí, torí ẹ̀rọ ìfọ́ òkúta máa ń ní ṣáàfù ńlá, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń tún katapílà ṣe. Ẹ bi àwọn tó ń ta irin àlòkù pẹ̀lú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páìpù tàn yín jẹ. Páìpù tí wọ́n rọ yanrìn kún dáa fún ariwo, torí yanrìn ń pa ohùn irin, àmọ́ kò lè rọ́pò irin tó dì. Èyí tí wọ́n rọ kọnkéré sí nínú, tí òòlù wá ń lù ú lórí lójoojúmọ́, kọnkéré inú rẹ̀ á padà fọ́ di ìyẹ̀fun, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi tí ohùn rẹ̀ bá yí padà.

Bí ẹ ò bá rí ṣáàfù ńlá, ẹ lè to pùléètì nípọnnípọn jọ. Òòró ni kí ẹ tò wọ́n, kí etí wọn dojú kọ òkè, kì í ṣe kí ọ̀kan sùn lórí èkejì. Bí wọ́n bá sùn léra, àlàfo tíntìntín tó wà láàárín wọn á máa jẹ agbára òòlù díẹ̀díẹ̀.

Bàbá kan wà ní ìlú Oǹdó, ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí wọn sí. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kan, mo bá wọn lórí àpótí, owú wọn jẹ́ òkúta ńlá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rò pé kí a gbé e ka orí igi, kí ẹ lè máa dúró ṣiṣẹ́?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹ síbí." Mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. Wọ́n fa irin pupa yọ nínú iná, wọ́n lù ú, irin náà fẹ̀ lójú mi, àmọ́ lábẹ́ ọwọ́ mi, ohun tí mo gbọ́ kò ju gbì kékeré kan lọ. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ló ń bá mi dì í mú." Gbogbo ohun tí mo ń ṣe fún ìdúró ẹ̀rọ òòlù látìgbà náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan jíjó irin pọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń kánjú. Ṣáàfù tó nípọn bẹ́ẹ̀ máa ń fa ooru mu kíá. Bí ẹ bá kàn fi iná lé e ní tútù, ojú ibi tí ẹ jó á dán, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ á ti sán. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú irin tó jẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ fáìlì kàn án díẹ̀ nínú òjìji, kí ẹ wo ìtapárá rẹ̀, ìyẹn iná wẹ́rẹwẹ̀rẹ tó ń ta jáde. Bó bá ń lọ gbọọrọ, tí ẹ̀ka rẹ̀ ò pọ̀, irin rírọ̀ ni. Bó bá ń bẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ tó sì ń tú yẹ́rẹyẹ̀rẹ, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀, kì í ṣe irin tí èèyàn ń jó láìmú un gbóná. Irú ìyẹn, ẹ fi èédú tàbí gáàsì mú un gbóná títí tí omi tí ẹ bá ta sí i á fi hó ṣààà tí á gbẹ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jó o, kí ẹ sì fi eérú bò ó kó rọra tutù. Ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tí wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀) onínọ́ńbà 7018 ni kí ẹ lò fún oríkèé tó ń gba ìlù, kì í ṣe 6013 tí a fi ń jó géètì. Àmọ́ 7018 ò fẹ́ ọ̀rinrin rárá, ojú ọjọ́ Àkúrẹ́ nígbà òjò sì kún fún un. Èyí tí páálí rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ẹ yan án kó gbẹ kí ẹ tó lò ó.

Bí irú irin náà ò bá dá yín lójú síbẹ̀, ẹ má jó ṣáàfù náà rárá. Ẹ fi irin rírọ̀ ṣe òrùka tó nípọn, ẹ jó òrùka mọ́ pùléètì ìsàlẹ̀, ẹ wá ki ṣáàfù bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi wéèjì, ìyẹn irin tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, há a mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ṣáàfù tó tún wúwo ju ìyẹn lọ, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀.

Fún òòlù kékeré, orí pùléètì kan náà ni kí owú àti òpó férémù jọ wà. Bí òpó bá dá dúró tí owú náà dá dúró, bópẹ́ bóyá ọ̀kan á rì ju èkejì lọ, ojú òòlù ò sì ní bá ojú owú mu mọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ. Ẹ̀rọ tó ń mì ò lè lu ojú kan. Ẹ fi pùléètì onígun mẹ́ta ti ìdí òpó lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní ti gíga, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ ká apá yín bí ẹni tó di ẹ̀mú mú: ojú owú ò gbọ́dọ̀ ga ju ìgbọ̀nwọ́ yín lọ, kó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀ ló dáa. Ẹ ka ìpọn pùléètì, ti rọ́bà abẹ́ rẹ̀, àti bí orí kọnkéré ṣe máa ga ju ilẹ̀ lọ mọ́ ọn kí ẹ tó gé ṣáàfù; mo máa sọ̀rọ̀ rọ́bà àti kọnkéré láìpẹ́.

Ilẹ̀ ló kù. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù oníkọnkéré tí àwọn bíríkìlà ń pè ní German floor kì í sábà nípọn ju mílímítà 100 sí 150 lọ. Kò lè gba ẹ̀rọ yìí. Ẹ gé ojú rẹ̀ kúrò, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ títí tí ẹ fi máa kan ilẹ̀ pupa tó le. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì lọ́dọ̀ wa, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó wá kún kòtò ni wọ́n kọ́ ọ lé, ẹ má dúró lórí ìyẹn. Kọnkéré tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60 máa wọn nǹkan bíi kílò 1,440. Bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin ló máa gbà bí ẹ bá po sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, gíráńáìtì 4. Ẹ to irin rọ́ọ̀dù mílímítà 12 sí i lókè àti nísàlẹ̀.

Ohun tí bíríkìlà máa bá yín jà lé lórí nìyí: kọnkéré yìí ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó kù. Ẹ fi fóòmù líle yí i ká kí ẹ tó rọ ọ́, kí àlàfo lè wà. Bó bá so mọ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, gbígbọ̀n rẹ̀ á gba inú ògiri lọ bá aládùúgbò. Mo ti wà níbi tí ìyá tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ti ń fi okùn so ìgò mọ́ orí sẹ́ẹ̀fù rẹ̀ kí wọ́n má bàa já bọ́. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ń bá ìyá yìí bínú, wọ́n ní ó ń ṣe ìlara. Mo ní kí wọ́n wọlé wá gbé ọwọ́ lé ògiri rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí orí kọnkéré ga ju ilẹ̀ lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kí omi òjò má bàa dúró lábẹ́ irin. Ẹ máa fi omi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi àpò tútù bò ó bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ má sì gbé ẹ̀rọ lé e kó tó pé ọjọ́ 28. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro láti dúró, pàápàá tí oníbàárà bá ti san owó sílẹ̀. Ẹ dúró.

Inú kọnkéré tútù ni kí bóòtì ti wọlé, kí ẹ fi pákó tí ẹ ti lu ihò sí mú wọn dúró lójú ibi tí wọ́n máa wà. Rawl bolt tí wọ́n ń lù wọlé lẹ́yìn tó ti gbẹ kì í pẹ́ kó tó tú. Láàárín pùléètì àti kọnkéré, ẹ tẹ́ rọ́bà bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé òkúta níbi ìfọ́kùúta, ìpele kan tó. Táyà mọ́tò rọ̀ jù, ṣe ló máa ń ta ẹ̀rọ padà. Ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì sórí bóòtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún wọn fún lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, kó sì di ohun tí ẹ ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó jókòó dáadáa, ẹ bu yanrìn kíún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pùléètì, kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ lu irin gbígbóná. Igun tí yanrìn rẹ̀ bá ń jó, tó ń sún lọ sí etí, ibẹ̀ ni kò kanlẹ̀. Ẹ tú bóòtì rẹ̀, ẹ fi irin pẹlẹbẹ tàbí rọ́bà dí àlàfo náà. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ pẹ̀lú: gbì, gbì ló yẹ kó máa dún. Bó bá ń dún ganranganran, nǹkan kan ti tú níbì kan, ẹ pa iná kí ẹ wá a.

Ní ti ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù, tí onílé ò gbà kó gbẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà wà. Ẹ lọ sí sọ́míìlì, ẹ ra pákó igi apá tó gbẹ, tó nípọn ní ínǹṣì mẹ́rin. Ẹ tò ó ní ìpele méjì, kí ti òkè dábùú ti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá irin oníṣẹ́rẹ́ẹ̀dì, èyí tí nọ́ọ̀tì lè wọ̀, gún wọn pọ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, kó sì fẹ̀ ju pùléètì lọ dáadáa ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Pákó á gba gbígbọ̀n náà, ilẹ̀ ò ní tètè là, ẹ sì lè kó o lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kúrò. Àmọ́ igi máa ń súnkì nígbà ọyẹ́, torí náà nọ́ọ̀tì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ ń fún lóòrèkóòrè. Òòlù tí kò ju kílò 20 lọ ni mo lè gbé lé irú ìdúró yìí. Bí tiyín bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ wá ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀.