Aago Mélòó Lo Gba Ẹ̀jẹ̀ Wọn?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù, èsì àkọ́kọ́ tí mo rí lórí másùnmáwo dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Eku funfun 24 ni mo lò. Àwọn 12 fojú winá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: lónìí a ó jẹ́ kí àgò wọn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di alẹ́, lọ́la a ó da omi sí ibùsùn wọn, lọ́túnla a ó tanná sí wọn lójú mọ́jú. Àwọn 12 yòókù jókòó jẹ́ẹ́ nínú àgò tiwọn. Nígbà tí mo wọn corticosterone, họ́mónù másùnmáwo ti eku, nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ti àwọn tó jìyà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́. Mo tẹ èsì náà sórí bébà, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò yìn mí, wọn ò sì bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Aago mélòó lo gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ti àkọ́kọ́, aago mélòó lo gba ti àwọn ìkẹyìn?"

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí. Àwọn tí a kò fìyà jẹ ni mo kọ́kọ́ mú, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni iná lọ. A dúró títí wọ́n fi rí epo rọ sí jẹnẹrétọ̀, mo jáde lọ jẹun, ìgbà tí màá fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jìyà, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Òru ni eku ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Nínú ara tiwa, cortisol, họ́mónù másùnmáwo ti ènìyàn, máa ń ga jù lọ ní kùtùkùtù tí a bá ń jí. Nínú ara eku, corticosterone máa ń wà nílẹ̀ láàárọ̀, ó sì máa ń gòkè bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú. Aago ni mo wọ̀n. Bí a ò tiẹ̀ fìyà jẹ eku kankan rárá, ó ṣeé ṣe kí n rí ìyàtọ̀ yẹn. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ó gbà mí tó oṣù mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí mò ń mú ọ̀kan níhìn-ín, mò ń mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, láàárín wákàtí kan náà. Ìyàtọ̀ tó kù kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́. Òun nìkan ni mo lè búra lé.

Ẹni tó ń ka kòkòrò ibà lábẹ́ ẹ̀rọ awò, kòkòrò náà ò ní pọ̀ sí i torí pé ọwọ́ ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ le. Ohun tí àwa ń wọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wa wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí ara ṣe ń ránṣẹ́. Bí nǹkan bá dẹ́rù ba ènìyàn tàbí eku, apá kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí à ń pè ní hypothalamus a rán họ́mónù kan tó ń jẹ́ CRH sí pituitary, ẹṣẹ́ kékeré tó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Pituitary a rán họ́mónù mìíràn, ACTH, gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá adrenal, àwọn ẹṣẹ́ méjì tó dé orí kíndìnrín bíi fìlà. Àwọn yẹn a tú cortisol jáde. Corticosterone ni ti eku. Cortisol a wá ṣúgà síta kí ara lè rí agbára sá tàbí jà, lẹ́yìn náà a padà lọ jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé iṣẹ́ ti dé, ó tó. Bí ọpọlọ bá gbọ́, a dákẹ́. Nínú ara àwọn kan tí ìsoríkọ́ ti mú, ọpọlọ kì í gbọ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Lọ́dún 1981, Bernard Carroll àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní oògùn dexamethasone, tó ń ṣe bíi cortisol, lálẹ́, kí cortisol rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ìsoríkọ́ wọn le kọ̀, kò lọ sílẹ̀. Ti àwọn mìíràn lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí dókítà tó lè fi ẹ̀jẹ̀ nìkan sọ fún yín pé ìsoríkọ́ ló ń ṣe ẹnì kan.

Gbogbo iṣẹ́ rírán yìí kì í pẹ́ rárá. Látìgbà tí ẹ bá ti ṣí àgò, ìṣẹ́jú bíi 3 péré lẹ ní kí corticosterone inú ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nítorí tiyín. Eku karùn-ún nínú àgò kan ti gbóòórùn ìbẹ̀rù eku mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 2010, Jane Hurst àti Rebecca West fi hàn pé ẹ̀rù máa ń ba eku tí a bá fi ìrù gbé ju èyí tí a fi àtẹ́lẹwọ́ bù tàbí tó fúnra rẹ̀ wọ inú ọ̀pá tí a fi gbé e. Ọdún 2014 ni àwọn kan ní Kánádà tún rí i pé òórùn ọkùnrin nìkan tó láti kó másùnmáwo bá eku, ti obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí arákùnrin kan bá bá yín gba iṣẹ́ ọjọ́ Tuesday, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Hans Selye tí gbogbo wa ń pè ní bàbá iṣẹ́ yìí, ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yọ̀ gan-an lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Montreal, ó ń fún eku ní abẹ́rẹ́ omi tí ó fún láti inú ilé ẹyin màlúù, ó sì rò pé họ́mónù tuntun lòun ti rí: adrenal àwọn eku náà wú, thymus inú àyà wọn sún kì, inú wọn di ọgbẹ́. Ìgbà tó fi nǹkan mìíràn tó kàn ń ta ara gún wọn, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ó fi wọ́n sínú òtútù, ohun kan náà. Kò fi pamọ́. Lọ́dún 1936 ó kọ lẹ́tà kúkúrú kan sínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, pé ara máa ń dáhùn lọ́nà kan náà sí onírúurú ìyà. Inú lẹ́tà yẹn ni iṣẹ́ tí à ń ṣe lónìí ti jáde.

Èyí tó kàn wá jù ní Ifẹ̀ níbí ni ti igi asofẹ́yẹjẹ. Ẹ lọ sí ọjà Odò-Ogbè, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn eléwé ọmọ, wọ́n á fà á yọ fún yín kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń mú kí ara ẹni tí orí rẹ̀ dàrú wálẹ̀. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀. Ara gbòǹgbò igi kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ reserpine fúnra rẹ̀ lọ́dún 1952. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń gbọ́n inú àpò tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń kó serotonin, noradrenaline àti dopamine sí gbẹ, ìyẹn àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn tí wọ́n ń fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, orí àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Láàárín ọdún yẹn kan náà, iproniazid tí wọ́n ń fún àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe mú kí ara àwọn kan yá gágá, òun sì ń jẹ́ kí kẹ́míkà wọ̀nyẹn pẹ́ nínú ọpọlọ. Èyí ń mú orí kọ́, tọ̀hún ń mú ara yá. Ibẹ̀ ni èrò náà ti wá pé noradrenaline tó kù káàtó ló ń fa ìsoríkọ́, tí Joseph Schildkraut kọ jáde lọ́dún 1965. Serotonin tẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, inú mi sì máa ń dùn pé gbòǹgbò tiwa wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kò pé. Oògùn ìsoríkọ́ tí aláìsàn bá mu lónìí, láàárín wákàtí díẹ̀ ló ti yí kẹ́míkà inú ọpọlọ padà, síbẹ̀ ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oòrùn tó là fún un. Nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Àwọn kan ní BDNF ni, ìyẹn prótéènì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yọ ẹ̀ka. Bruce McEwen àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi hàn nínú eku pé corticosterone tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì hippocampus rún, níbi tí ọpọlọ ń kó ìrántí sí. Èmi náà gbà pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jókòó níwájú aláìsàn, ẹ má sọ fún un pé "serotonin rẹ ló kù díẹ̀." Ẹ ò wọ̀n ọ́n.

Ti jíìnì náà ńkọ́? Lọ́dún 2003, ìwádìí kan gbòde pé irú jíìnì serotonin transporter (èyí tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kó serotonin padà) tí ènìyàn bá ní ló ń sọ bóyá ìyà ayé á mú orí rẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ láàbù kówó lé e. Lọ́dún 2019, àwọn kan yẹ jíìnì 18 tó lókìkí jù wò nínú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, jíìnì yẹn wà lára wọn, wọn ò rí kí èyíkéyìí dá yàtọ̀ sí jíìnì tí wọ́n kàn ṣà bákan ṣáá. Ènìyàn tí wọ́n kọ́kọ́ fi wádìí kéré jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àyẹ̀wò omi tí à ń ju eku sí láti fi dán oògùn ìsoríkọ́ wò, èyí tí Porsolt gbé jáde lọ́dún 1977. Eku tó bá dẹ́kun ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn kan á kọ ọ́ pé ó ti sọ ìrètí nù. Ẹ̀yin ẹ kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi léfòó láìmira. Ó lè jẹ́ pé ó ń fi agbára rẹ̀ pamọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òun ló kọ́ mi ní àyẹ̀wò omi ṣúgà: ìgò méjì lẹ́nu àgò kan, omi lásán nínú ọ̀kan, omi ṣúgà nínú èkejì. Eku tí ara rẹ̀ yá á lọ síbi tó dùn. Èyí tí ìyà ti pẹ́ lára rẹ̀, àtèyí àtèyí, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́ mi pé kí n máa pààrọ̀ apá tí ìgò wà lójoojúmọ́, pé kí n wọn ìgò tó ń jò sọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn dòdò ni. Ó tó oṣù kan tó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún mi lọ́sàn-án, mo sì ń jẹ ẹ́. Ó ní orí òun ń gbóná, ó ní nǹkan ń rìn nínú agbárí òun, oorun ò kun òun mọ́. A ní ó ti di ọ̀lẹ. Àwa tí à ń wọn omi ṣúgà tí eku mu dé ìdajì gíráàmù! Ìyá rẹ̀ ló wá láti Iléṣà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó gbàtọ́jú, ó yè, ó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ báyìí. Kò bi mí léèrè rí ìdí tí mo fi ń jẹ dòdò yẹn láìsọ nǹkan kan.

Lọ́la, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni ká pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Lágere, ẹ tètè jáde. Ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má wọ aṣọ tí ẹ fi dáná. A ó gbé àwọn àgò wọ yàrá àyẹ̀wò, a ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ara wọn tó balẹ̀. Màá ra àkàrà dání. Ìta la ó ti jẹ ẹ́, kí olúkúlùkù yín sì sọ fún mi bó ṣe sùn.