Offset kì í ṣe ẹ̀nì: ohun tí mo kọ́ lórí rírà ohun ìjà lókè òkun

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ mémoire lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bírò tí wọ́n ti ń ra nǹkan fún ìjọba, ẹ wá gbọ́ èyí o, torí ó pẹ́ kó tó yé èmi gan-an.

Gàrí ni ìyá mi ń tà lọ́jà Ouando níbí l'Ájàṣẹ́. Tó bá wọn gàrí tán fún oníbàárà, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ẹ̀nì nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ offset ní yunifásítì, bí mo ṣe rò ó nìyẹn: orílẹ̀-èdè kan ra bàálù ogun, ẹni tó tà á wá fi ilé iṣẹ́ kékeré kan ṣẹ̀nì fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí offset jẹ́ ni pé ẹni tó ń rà á sọ pé màá san owó yìí, àmọ́ apá kan nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá sílé mi, kó o ra páàtì lọ́wọ́ àwọn ará ilé mi, tàbí kó o kọ́ àwọn ọmọ mi níṣẹ́, tàbí kó o wá dáwó pọ̀ mọ́ wa dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á sì mọ iye tí gbogbo ìyẹn máa ná òun, ó ti kó o sínú iye ọjà kẹ́ ẹ tó jókòó sórí tábìlì. Ẹ̀yin lẹ san án. Tí ohun tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ ò bá wá dé, gbèsè ni wọ́n jẹ yín, ẹ má fojú ẹ̀bùn wò ó láé.

Ẹ wo àwọn tó mọ ọjà ná. Ní 1975, orílẹ̀-èdè kékeré mẹ́rin ní Yúróòpù, Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì, Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè, pawọ́ pọ̀ láti ra 348 bàálù ogun tí wọ́n ń pè ní F-16 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ tiwọn ló gbọ́dọ̀ ṣe ìdá 40 nínú 100 iṣẹ́ bàálù tiwọn, ìdá 10 lára 650 tí Amẹ́ríkà fẹ́ rà fún ara ẹ̀, àti ìdá 15 lára èyí tí wọ́n bá tà fún ẹlòmíì. Ìkẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí gbogbo ìgbà tí orílẹ̀-èdè míì bá lọ ra F-16, iṣẹ́ á tún wọlé fún wọn. Ká ní kálukú wọn dá lọ ni, mi ò rò pé wọ́n á rí i gbà.

Kòríà Gúúsù náà, nígbà tí wọ́n ra KF-16, ìyẹn irú F-16 tiwọn, wọ́n lo offset ẹ̀ láti fi mú kí Lockheed Martin, ilé iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà, bá wọn ya àwòrán bàálù tiwọn, T-50. Ní 2022 Pólándì ra FA-50, ọmọ ìyá T-50 yẹn, 48 lọ́wọ́ wọn. Bràsíìlì ra bàálù ogun Gripen 36 lọ́wọ́ Súwídìn ní 2014, wọ́n kó ẹnjiníà tó lé ní 350 lọ kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún, nígbà tó fi máa di 2023 wọ́n ti ń to bàálù náà ní Gavião Peixoto, ní Bràsíìlì níbẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé láti 1969 ni Embraer, ilé iṣẹ́ bàálù tiwọn, ti wà, àwọn ọmọ Bràsíìlì yẹn ti mọ bàálù kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Súwídìn. Tí ẹni tó máa gba ìmọ̀ ò bá ní ibi tó máa gbé e sí, kò sí nǹkan tí offset lè ṣe.

Gúúsù Áfíríkà ra bàálù, ọkọ̀ abẹ́ omi àti ọkọ̀ ojú omi ogun ní 1999, bíi bílíọ̀nù 30 ráńdì, wọ́n wá sọ fún aráàlú pé offset ẹ̀ máa tó bílíọ̀nù 104 ráńdì, iṣẹ́ á sì wà fún èèyàn bíi 65,000. Ta ló máa ta ọjà ọgbọ̀n kó tún kó ọgọ́rùn-ún lé e? Ibi tí wọ́n ti ń rí i gbà ni ìṣirò, ìjọba tó ń rà á á ní iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì, sẹ́fà kan tẹ́ ẹ bá ná sí i, a máa kà á sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún yín, ni ilé iṣẹ́ á bá gba kúrẹ́díìtì tó ju owó tó fi sílẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ máa wo ibẹ̀ yẹn dáadáa nínú ìwé àdéhùn.

Íńdíà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2005, ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 owó ọjà. Nígbà tí wọ́n ra bàálù ogun Rafale 36 lọ́wọ́ Faransé ní 2016 wọ́n gbé e dé ìdá 50, síbẹ̀ ní 2020 ọ̀gá ayẹ̀wéowówò ìjọba wọn kọ ọ́ síta pé ìmọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn tó tà á ṣèlérí ò tíì dé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yọ offset kúrò nínú ọjà tí ìjọba bá bá ìjọba ná tààrà.

Tiwa ńkọ́? Àwọn ọmọ ogun wa wà l'Átákórà àti Àlìbórì tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnubodè, wọ́n sì ń kú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lójú mi. Ohun tí à ń rà ò tó ohun tí ẹnikẹ́ni máa torí ẹ̀ gbé ilé iṣẹ́ bàálù wá sí Kútọnu, kẹ́ ẹ má lọ kọ irú ẹ̀ sínú mémoire yín. Àtúnṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Tí ọkọ̀ ológun bá kú sínú iyanrìn lókè lọ́hùn-ún, ta ló máa tún un ṣe, níbo ni páàtì máa gbà dé, ọjọ́ mélòó? Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa, kí wọ́n fi irinṣẹ́ sílẹ̀, kí ìwé àlàyé ẹ̀ jẹ́ ní Faransé. Aṣọ ológun náà ńkọ́, ṣebí òwú wa ni wọ́n fi ń hun aṣọ ní Glo-Djigbé, ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ fún wa lè gbà láti ra aṣọ tàbí òwú níbẹ̀, offset tí kò kan ohun ìjà nìyẹn, ó wà dáadáa. Àti pé ká pe àwọn aládùúgbò wa ká jọ rà á, bí àwọn mẹ́rin yẹn ṣe ṣe.

Ohun tó la ojú mi sí gbogbo èyí kì í tiẹ̀ ṣe ohun ìjà. Mo ń ṣe sítáàjì ní bírò kan, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan láti òkè òkun fún ẹ̀ka wọn ní Kétu, ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó tà á máa kọ́ èèyàn mẹ́ta níṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀. Wọ́n wá lóòótọ́, ọjọ́ méjì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín sáátífíkéètì, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo tẹ ìwé àdéhùn yẹn lórí kọ̀ǹpútà, mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ́kàn mi láti bèèrè pé kíkọ́ wo, ọjọ́ mélòó, ta ló máa dán wọn wò, èló la máa dá dúró lọ́wọ́ wa títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Kò pé ọdún kan tó fi kú. Àwọn mẹ́ta yẹn ò mọ ibi tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Mẹ́káníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà nítòsí Àkábà Ìdènà wá tú u, kò pẹ́ tó fi rí páàtì tó bàjẹ́, ó wá òmíì dì í, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀ láti tan, ó ń bèèrè kóòdù. Ọmọkùnrin yẹn nu ọwọ́ ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe tèmi tán, ẹ sáà fún mi ní kóòdù ẹ̀." Mo padà sí bírò lọ wá a nínú ìwé àdéhùn, látojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Kò sí níbẹ̀.