Ta Ló Láṣẹ Láti Sọ Pé Iṣẹ́ Ti Parí? Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Alákòóso Iṣẹ́ Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Ẹ̀ka

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń bi mí lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí bóyá PMP, ìwé ẹ̀rí àwọn alákòóso iṣẹ́, tó láti fi kúrò nídìí ilé kíkọ́ bọ́ sí sọ́fítíwíà, tàbí sí ilé iṣẹ́ oògùn. Mo ti rin ọ̀nà yẹn, mo sì rìn ín yọrí.

Èkíní, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn. Ìṣirò owó, àkókò, ewu, pípe àwọn tó ń bára wọn fà á jókòó: kò sí ẹ̀ka tí kò nílò wọn. Láti 2021, ó kéré tán nǹkan bí ìdajì ìdánwò PMP ló dá lórí Agile (ọ̀nà ṣíṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí a máa tún un ṣe bí a ṣe ń lọ) àti àdàlù rẹ̀ mọ́ ọ̀nà àtijọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn onísọ́fítíwíà ò ní ṣàjèjì sí yín.

Èkejì ò sí nínú ìwé ẹ̀rí kankan: ẹ mọ ẹni tó láṣẹ láti sọ pé iṣẹ́ ti parí. Nídìí ilé kíkọ́, a ń tẹ kọnkéré wò lọ́jọ́ 28. Bí agbára rẹ̀ bá pé, àríyànjiyàn tán. Onísọ́fítíwíà lè gbé iṣẹ́ jáde lónìí, kó tún un ṣe lọ́la. Nílé iṣẹ́ oògùn, ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ geere lójú yín, kó má sì tíì parí, àfi tí ẹ̀ka quality (àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò bóyá ó péye) bá buwọ́ lùwé.

Ó ṣì ń dùn mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n fi mí sídìí ẹ̀rọ tuntun tó ń di oògùn sínú páálí. Ìwé mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé ara wọn: IQ, tó jẹ́rìí pé a gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ bó ṣe yẹ, OQ, pé ó ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe, PQ, pé ó ń ṣe é láìyẹ̀ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Mo bi ọ̀gá wa pé ìgbà wo la máa kọ wọ́n. Ó ní ká gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ná, ìwé á tẹ̀ lé e. Mo tún béèrè nípàdé. Ó ní, "Ilé lo ti ń kọ́ bọ̀, má kọ́ wa níṣẹ́ wa." Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí i nínú ímeèlì.

Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, gbogbo wọn sì ń yọ̀. Ìgbà náà ni ìyá tó jẹ́ olórí quality dé. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n ń ka nọ́ńbà ara sensor (ohun tí ẹ̀rọ fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi wé ìwé ọwọ́ wọn. Kò bára mu. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ti pààrọ̀ àwọn kan, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá náà dé kálàmù wọn. A tú ẹ̀rọ, a bẹ̀rẹ̀ látorí IQ, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá kí oògùn kan tó gba ibẹ̀ jáde. Nínú ìjábọ̀, èmi ni wọ́n dá lẹ́bi, pé n kò nírìírí. Èmi tí mo béèrè lẹ́ẹ̀mẹta! Ímeèlì yẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àlejò ríran lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ẹ̀ka tiwa yàtọ̀" pa yín lẹ́nu mọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fáìlì iṣẹ́ kan tó ti parí pátápátá. Ẹ ṣí i dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kí ẹ wo ẹni tó buwọ́ lù ú. Onítọ̀hún ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí, kí ẹ tó fa ìlà kankan sórí àtẹ àkókò.