Ẹ pa pọ́ǹpù kẹ́ ẹ tó sùn o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sùn nínú mọ́tò onílé, ìyẹn mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìwẹ̀ àti táàpù nínú bí ilé, níbi tí ò ti sí páìpù omi, tí ò sí iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀ sí mi, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ mọ bí Òṣogbo ṣe máa ń rí ní oṣù Ògúsì tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005, ṣé ọmọ Òṣogbo nìkan ló tún ń wá síbẹ̀ ni? Òtẹ́ẹ̀lì kún, ilé kún. Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá gbé mọ́tò onílé tòkunbọ̀ ẹ̀ wá, a gbé e sórí ilẹ̀ ẹbí lọ́nà Iléṣà, fáúndéṣọ̀n nìkan ló wà níbẹ̀. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀: Màmá tó bí ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n, Àǹtí tó wá láti Ìbàdàn, èmi àti ọkọ mi àti ọmọ wa.

Èmi ni omi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹ ṣáà mọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹ, àmọ́ tómi bá tán ojú ẹ ni gbogbo wọn máa wò. Táńkì mọ́tò yẹn ń gba 100 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-25 mẹ́rin. Hítà tó ń fi gáàsì mú omi gbóná ń gba lítà 10. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ló ń ti omi wá sí táàpù, súìṣì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Omi abọ́ àti omi ìwẹ̀ ń ṣàn lọ sínú kòtò tá a gbẹ́ sábẹ́ igi.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ọkọ mi lọ pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ní boóhóòlù àwọn aládùúgbò, ó rọ gbogbo ẹ̀ sínú táńkì. Ó kún. Ojú mi ló ṣe. Mo sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Màmá ti pé 78, làkúrègbé ń bá wọn jà. Tí wọn ò bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ní ìdájí, ẹsẹ̀ wọn ò ní ṣeé nà títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n pè mí, "Ìyàwó mi, ó tó àkókò." Mo dìde, mo gbé korobá, mo yí táàpù. Ó ṣe "fíìì", ó tutọ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Pọ́ǹpù ń kùn lábẹ́ àga, kùn-ùn-ùn, ìkùn asán. Ẹ gbà mí o, mo ti ń gbọ́ ìkùn yẹn lójú oorun tipẹ́, mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ni!

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo sáré lọ wo kòtò. Ó kún dẹ́nu. Omi tó mọ́ gaara, omi tá a fi orí rù, fọ́ọ̀mù ọṣẹ abọ́ alẹ́ àná ń léfòó lórí ẹ̀. Mo kàn dúró níbẹ̀ ni mò ń wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ mi ṣí táàpù kékeré ilé ìwẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù wà ní pípa, omi ò wá, ọmọdé ni, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ó lọ sùn. Lóru ni ẹnì kan dìde lọ ṣẹ́ ìtọ̀, ó tan pọ́ǹpù, ó ṣe tiẹ̀ tán, kò pa á, táàpù tọ́mọ ṣí sílẹ̀ bá ń da omi lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí gbogbo ẹ̀ fi tán. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà, àmọ́ kì í ṣe èmi, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá jókòó sẹ́tí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ró ìró mọ́yà, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún. Wọn ò sọ nǹkan kan. Àǹtí ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Níbi tí obìnrin wà, omi tán?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òtútù ìdájí lọ. Kí omi tán lọ́wọ́ mi, ní Òṣogbo, nínú ọdún Ọ̀ṣun!

Píọ̀ wọ́tà tá à ń mu ló kù, báàgì kan àti ẹyọ méjì. Ogún ẹyọ ló wà nínú báàgì, lítà 10. Mo fi eyín já mẹ́rin sínú ìkòkò, mo gbé e kaná gáàsì kékeré, mo wá ń já ìyókù sínú korobá, omi ń gba apá mi wọnú aṣọ, omijé náà ń bọ́, mò ń kà á lọ́kàn, mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún. Lítà méjì tó hó sínú mẹ́jọ tó tutù, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ṣe ń fẹ́ ẹ, ẹ di ìṣirò yẹn mú. Màmá wẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́ lọmọ mi jí tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ẹyọ méjì péré ló kù fún èèyàn mẹ́fà.

Ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi gbé ọ̀kadà lọ pọnmi, omi dé, ó parí.

Èyí tó tún wá dùn mí jù, ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́ nígbà tá à ń jẹun àárọ̀. Wọ́n ní lítà 10 inú hítà ò bá tàwọn yòókù lọ. Ẹnu tómi ń gbà jáde nínú hítà òkè ló wà, tí pọ́ǹpù ò bá ti rí omi tì í, ibẹ̀ ló máa dúró sí. A tan hítà yẹn lálẹ́ ká tó sùn o! Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú mọ́tò ní gbogbo ìgbà tí mò ń fi eyín já ọ̀rá. Kẹ́ ẹ pa gáàsì, kẹ́ ẹ pa pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ dúró kó tutù díẹ̀ kó má bó yín, kẹ́ ẹ ṣí táàpù omi gbígbóná kí atẹ́gùn lè wọlé, kẹ́ ẹ wá tú nọ́ọ̀tì ìdí hítà látìta, á dà sínú korobá yín. Tẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ ò gbọ́dọ̀ tan hítà mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá dá omi padà sínú ẹ̀ tó sì ti ń jáde ní táàpù gbígbóná, torí hítà tí ò lómi nínú máa jóná ni.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé odò Ọ̀ṣun wà nítòsí. Àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò ti sọ ọ́ di omi pupa, ìjọba pàápàá ti kìlọ̀ pé kéèyàn má mu ún. Ẹ̀ báà sè é, kòkòrò ni sísè ń pa, kò lè yọ májèlé àwọn awakùsà kúrò. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà tó pọ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ lọ́tọ̀, kó má jẹ́ pé òun náà lẹ máa fi wẹ̀ bíi tèmi.

Ẹ bu omi sínú báàfù kẹ́ ẹ fi fọ abọ́, ẹ má fi táàpù fọ̀ ọ́. Ẹ rọ omi gbígbóná sí fláásìkì kẹ́ ẹ tó sùn, tí mo bá ní fláásìkì méjì péré lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ni ì bá sọ̀rọ̀ sí mi? Àmọ́ pọ́ǹpù, ẹ̀yin èèyàn mi, pọ́ǹpù! Ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá lò ó tán ẹ pa á, kẹ́ ẹ tó sùn ẹ fọwọ́ kan gbogbo táàpù lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó tì, kẹ́ ẹ tún lọ wo súìṣì. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa tan án, ẹni tó bá fẹ́ lò ó lóru kó jí onítọ̀hún. Ẹ gbé omi sínú kẹ́tùlù sílé ìtọ̀ fún òru, ẹ ò ní nílò pọ́ǹpù rárá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìkùn, ẹ dìde, ẹ má sọ pé jẹnẹrétọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ pé a tún máa gbé e jáde tó bá di Kérésì. Mo ti sọ fún ọkọ mi, èmi ni màá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí súìṣì wà.